Àlàfo Láàárín Orù Méjì

Mùjìdá ló ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí Táíwò,
ó ní wọn kì í rẹ́ ọmọ tó mú ìyá ẹ̀ dání jẹ.
Mo fọ ọwọ́, amọ̀ ò tán lábẹ́ èékánná.
Láti Òkèlele dé ibẹ̀, mo ń tẹ owó wò lábẹ́ ìborùn:
ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹgbàá kan,
owó orù, owó ìṣaasùn,
àwọn tó la iná kọjá tí wọn ò sán.

Iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Tíṣà Olúpitan, ará Ìgbàjà,
ní kí kálukú wá ohun tó ń da ilé wọn láàmú
kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wá ìdí ẹ̀.
Ọmọ ẹlòmíì mú omi ẹ̀rọ, òmíì mú iná mànàmáná.
Tèmi dìde, ó ní,
"Ìkòkò ìyá mi ń fọ́ nínú iná.
Mo fẹ́ mọ ìgbà tó ń fọ́."
Nígbà tó sọ fún mi, mo rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Lójò èṣí, ogójì ni mo sun. Mẹ́tàlélógún ni mo kó.

Ọmọ Ìlọrin ni Jìnádù, ẹnu ẹ̀ dùn ju iyọ̀.
Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀, dúdú, ó fẹ̀ bíi wàláà.
"Ìyá, wọn ò lò ó, wọ́n kàn fọwọ́ kàn án ni."
Ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Ó wo ojú mi, ó fi Ọlọ́run búra,
ó ní kí n mú mẹ́ta wá.
Mo fi oríkèé ìka kàn án lẹ́yìn,
kó, kó,
bí mo ṣe ń kan orù kí n tó gbà pé ó jinná.
Ó dún bí ohun tó ti ṣubú rí.
"Háà, Ìyá, wọn kì í kàn án bẹ́ẹ̀ yẹn!"
Mo ní kó yí ìdí ẹ̀ sókè.
Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ igun ẹ̀.

Mùjìdá ò tilẹ̀ wò wá.
Ó ti tẹjú mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rá,
aláwọ̀ ewé, kò ju páálí ìṣáná lọ,
kò lójú, kò ní ibi ìtẹ̀wé, kò ní ilé,
egungun lásán, ó tò gátagàta
bí ẹni wo Ìlọrin láti orí òkè Ṣóbí.
"Èyí náà ni?"
"Èyí náà ni."
Ó ní a ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bàbá òun,
a ó yá ohun ìtẹ̀wé ní ilé-ìwé,
owó tó bá kù á ra wáyà tó ń mọ ooru.
Ó ti kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìṣirò,
ó kọ ọ́, ó fagi lé e, ó tún un kọ.

Ká sòótọ́, ojú tì mí.
Mo ti fẹ́ gbé ohun tí ojúlé wa á rí.
Kín ni n ó sọ fún Ṣẹ̀fíá, àbúrò mi, tó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kún un?
Pé ọ̀kẹ́ méjì wọ inú ohun tí adìẹ lè gbé mì?

Mo gbà á. Mo fẹ́ kàn án, ibo ni n ó kàn?
Ọwọ́ mi tóbi jù.
Mo gbé e sétí, kò sọ nǹkan kan.
"Kì í dún, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, amọ̀ wà lọ́wọ́ yín."
Mo ní kí Jìnádù tàn án níṣojú wa.
Iná kan ṣẹ́jú lára ẹ̀, tín-ín-tín,
bí ẹyin iná lábẹ́ eérú,
èyí tí èèyàn á rò pé ó ti kú.
Èyí un, mo mọ̀ ọ́n.
Mo tú ìborùn. Mo ka owó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta la ó sun ìkòkò. Òjò ń ṣú lápá Ṣóbí.
Mo to orù, mo to àgbada, mo kó koríko lé e,
mo sì fi àlàfo kan sílẹ̀ láàárín orù méjì,
ibi tí ìṣaasùn kan ì bá jókòó,
kí wáyà ọmọ mi lè ráyè wọlé.